Ilé amọ̀ àwọn oníṣẹ́ oko ní abà kòkó: bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹ ó ṣe tún un ṣe

Ní ọ̀pọ̀ abà kòkó, láti ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn títí dé Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìdànrè, oríṣi ilé méjì ló máa ń wà. Ilé olóko ló kọjú sí ọ̀nà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sí òkè ẹnu ọ̀nà. Ilé kejì wà lẹ́yìn, nítòsí ibi tí wọ́n ń sá kòkó: yàrá mẹ́rin sí mẹ́fà lórí ìlà kan, ilẹ̀kùn gbogbo wọn ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ògiri rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ lásán. Àwọn oníṣẹ́ ọdún àti alágbàṣe ló ń sùn níbẹ̀. Bí owó bá dé ọwọ́ ẹbí, ilé iwájú ni wọ́n ń tún ṣe. Ilé ẹ̀yìn ni wọ́n ń wó.

Lójú tèmi, ilé ẹ̀yìn yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ fi tépù wọ̀n. Ilé olóko ní fọ́tò, ó ní ìwé, ó ní àwọn ọmọ tó lè sọ ìtàn rẹ̀. Ti àwọn oníṣẹ́ kò ní ju ògiri rẹ̀ lọ. Ó tún rọrùn láti tún ṣe ju ti iwájú lọ, nítorí pé ilẹ̀ tó yí i ká ni wọ́n ti gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀ yẹn sì wà níbẹ̀ di òní. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbà là o. A ó dé ibẹ̀.

1. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ilé inú abà kì í sábà ní ìwé. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí kan, oko lè jẹ́ ti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí náà, kí ilé sì jẹ́ ti ẹni kẹta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, baálẹ̀ abà àti olórí ẹbí lẹ ó kọ́kọ́ lọ kí. Ẹ má fi fóònù ya ohunkóhun kí ẹ tó rí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tó ti gbé inú yàrá wọ̀nyẹn rí, tàbí ọmọ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ wá láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà, láti Àgàtú, láti ìhà Ìlọrin àti Ọ̀yọ́. Àwọn kan nínú wọn gba oko tiwọn nígbà tó yá, tí ẹ ó fi bá àwọn ọmọ wọn nínú abà tó wà nítòsí. Ẹ bi wọ́n pé: níbo ni wọ́n ti gbẹ́ amọ̀? Ìgbà wo ni wọ́n ṣí ewé kúrò lórí ilé tí wọ́n kan páànù? Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ibo ni omi ti ń wọlé? Ẹni tó ti fi abọ́ gbe omi lórí ẹní rẹ̀ lóru yóò dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí láìronú, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì dín iṣẹ́ yín kù gan-an.

2. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ lára ohun tí wọ́n rà lọ́jà

Ògiri amọ̀ kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní 1915 náà ni wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní 1965. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sì tò ó ní ìpele kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó le, kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ìlà tó wà láàrin ìpele kan sí èkejì máa ń hàn lára ògiri tí a kò rẹ́. Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò sọ ọdún fún yín.

Òrùlé ló ń sọ ọ́. Ewé gbọ́dọ̀gì ni wọ́n fi ń bo ilé nínú igbó, koríko bẹ́rẹ ni ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Páànù ti wà l'Ékòó kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 sì jẹ́ kó rọrùn láti gbé e wọ inú oko. Bí ẹ bá gun òkè àjà, tí ẹ rí ọparun tí wọ́n tò súnmọ́ra gan-an, tí èéfín ti sọ wọ́n di dúdú, ewé ló kọ́kọ́ wà lórí ilé náà. Igi tí wọ́n tò fún páànù máa ń jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo sìmẹ́ńtì náà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tó ń ti òkè òkun wá ni sìmẹ́ńtì jẹ́ fún ará oko ilẹ̀ wa, wọn kì í sì í fi ohun olówó iyebíye rẹ́ yàrá oníṣẹ́. Kódà nígbà tí kòkó gbówó lórí lágbàáyé ní 1954, ilé iwájú ló jẹ nínú owó náà. Nítorí náà, bí ẹ bá bá sìmẹ́ńtì lára ilé ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́yìn 1960, ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀.

Ìlànà yàrá náà ní ìtàn tirẹ̀. Yàrá orí ìlà kan tó ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ló wọ́pọ̀ fún oníṣẹ́. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá gba àárín ilé kọjá, tí yàrá kọjú sí yàrá, ilé olóko ni wọ́n wò kọ́ ọ. Èkó ni irú ilé yẹn ti wá. Àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, owó kòkó ló gbé e dé inú igbó. Kòkó fúnra rẹ̀ náà gba ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ rìn. Àwọn olóko Agége, bíi J. K. Coker àti àwọn tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko, Agege Planters' Union, sílẹ̀ ní 1907, gba àwọn èèyàn láti ilẹ̀ òkè sí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n mú kòkó àti ìmọ̀ bí a ṣe ń gbìn ín lọ. Ẹni tó sùn sínú yàrá ẹ̀yìn lónìí lè di olóko ní ibòmíràn lọ́dún mẹ́wàá sí i, ó sì lè kọ́ yàrá ẹ̀yìn tirẹ̀ bíi ti ibi tó ti wá.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á

Tépù, pẹ́ńsùlù, ìwé, fóònù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ so òkúta mọ́, àti ẹnì kan tó máa di ẹnu tépù mú: ó tó.

Ẹ kọ́kọ́ ya ilé náà bí ẹni pé ẹ ń wò ó látòkè, kí ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní àyè wọn. Ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ìwọ̀n igun sí igun yìí ni àwọn èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni kò ní jẹ́ kí àwòrán yín purọ́, torí yàrá amọ̀ kì í sábà ní igun tó gún régé. Ẹ wọn bí ògiri ṣe nípọn lẹ́nu ọ̀nà. Láàrin ìǹṣì 12 sí 18 ló sábà máa ń jẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì nípọn ju òkè lọ. Ẹ wọn gíga ìpele kọ̀ọ̀kan, gíga ẹnu ọ̀nà, bí òrùlé ṣe yọ síta kọjá ògiri tó, àti gíga ilẹ̀ yàrá sí ilẹ̀ ìta. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ilé náà bí ẹni pé ẹ fi àdá là á sí méjì láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Àwòrán kejì yìí ló ń fi hàn bí òrùlé ṣe jókòó lórí ògiri. Irú iṣẹ́ yìí ni Z. R. Dmochowski, ayàwòrán-ilé ọmọ Poland, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1958, òun náà ló sì pilẹ̀ ọgbà ilé ìbílẹ̀ tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos. Tépù àti pẹ́ńsùlù ni olórí ohun èlò òun náà.

Ẹ má ṣe yára kúrò nínú yàrá. Ara ògiri ni oníṣẹ́ fi ṣe àpótí àti tábìlì. Ẹ ó rí èèkàn igi tí wọ́n kì bọ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, fún aṣọ àti àdá. Ẹ ó rí ihò kékeré onígun mẹ́rin tí àtùpà ń jókòó sí, tí èéfín rẹ̀ ti ya ìlà dúdú sókè. Ẹ ó rí pẹpẹ amọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí ìlà èéfín bá gbòòrò láti ilẹ̀ dé òkè ní igun kan, ẹnì kan ti dáná nínú yàrá yẹn, bóyá nítorí òjò, bóyá nítorí pé kò sí ilé ìdáná fún un. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ yàrá lẹ́yìn yàrá. Bíríkìlà tó bá wá rẹ́ ilé lọ́la kò ní dá ọ̀kan sí nínú wọn àyàfi tí ẹ bá ti sàmì sí i.

Ìkìlọ̀ kan. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tó fẹ́ dà bí búlúù lára ògiri tàbí lórí ilẹ̀, oògùn kòkó ni wọ́n tọ́jú sí yàrá náà. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nítorí àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú ní bàbà nínú, òun ló ń fi àwọ̀ yẹn sílẹ̀. Gámálìn 20, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tẹ́lẹ̀, kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ó burú jù ú lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì gbé amọ̀ rẹ̀ po fún ilé mìíràn.

4. Ẹ tẹ̀lé omi

Gbogbo àrùn ilé amọ̀, omi ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ló dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà oko kì í jẹ́ kéèyàn fẹ́ lọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí. Ó máa ń gbẹ́ ìlà sílẹ̀ yí ilé ká, tí ẹ ó fi rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Bí ìlà náà bá jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, òrùlé ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà kan, omi ń ta sí ìdí ògiri ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ìdí ògiri yóò sì máa jẹ wọnú díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sábà ń fà á ni pé nígbà tí wọ́n ṣí ewé, wọ́n gé òrùlé kúrú kí páànù lè tó.

Ẹ wo ilẹ̀ àgbàlá. Ìgbálẹ̀ àràárọ̀ fún ogójì ọdún, pẹ̀lú àgbàrá, máa ń gbé ilẹ̀ lọ, tí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta. Ní àwọn abà mìíràn ó jẹ́ òdìkejì: wọ́n da pèpéle sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń sá kòkó sí, wọ́n jẹ́ kó dagun sí ọ̀dọ̀ yàrá àwọn oníṣẹ́, gbogbo omi orí rẹ̀ wá ń ṣàn lọ sí ìdí ògiri. Mo ti rí èyí níbi púpọ̀, ó sì ń bí mi nínú, nítorí ẹni tó da pèpéle kò sùn nínú yàrá yẹn.

Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún ìdí ògiri níbi mélòó kan. Amọ̀ tó dára kò ní jẹ́ kó wọlé ju díẹ̀ lọ. Èyí tó ti rin yóò gbà á tìrọ̀rùn. Bí iyọ̀ funfun bá hu lára rẹ̀, ọ̀rinrin ń ti ilẹ̀ gòkè. Ẹ wọ inú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbójú sókè: gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ lójú páànù, omi ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ wá ojú ọ̀nà ikán tó ń gun ògiri lọ sí igi òrùlé. Kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ńkọ́? Bó bá súnmọ́ ilé, tí omi ń dúró sínú rẹ̀, dídí ni kí ẹ dí i.

Ìgbà mìíràn wà tí ó yẹ kéèyàn jọ̀wọ́ ilé. Ẹ fi okùn olókùúta yẹn sọ̀kalẹ̀ láti orí ògiri. Bí ògiri bá ti fì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta bó ṣe nípọn, ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ti lọ fún ọdún púpọ̀, tí òjò ti fọ ìpele méjì òkè dànù, kò tó àtúnṣe mọ́ lójú tèmi. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á, kí ẹ kó amọ̀ rẹ̀ jọ fún títún èyí tó kù ṣe.

5. Ẹ mọ èdè ògiri tó là

Bí ògiri bá là gba ojú ìlà ìpele lọ gbọọrọ, kò burú. Ibi tí amọ̀ tuntun ti pàdé èyí tó ti gbẹ ni. Èyí tó là láti òkè dé ilẹ̀ ní igun ilé ń sọ fún yín pé ògiri méjì yẹn kò di ara wọn mú, bóyá ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ wọ́n. Èyí tó dagun láti igun ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé gòkè ló yẹ kó dẹ́rù bà yín: ikán ti jẹ àtẹ́rígbà, ìyẹn igi òkè ẹnu ọ̀nà, ẹrù tó ń gbé sì ti ń wá ibòmíràn gbà. Bó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló gbòòrò ju òkè lọ, ìpìlẹ̀ ló rì.

6. Ẹ dán amọ̀ wò

Amọ̀ tó dára jù fún àtúnṣe ni èyí tó já bọ́ lára ògiri náà fúnra rẹ̀. Yóò súnkì bíi ti ògiri, yóò mu omi bíi ti ògiri. Ẹ fọ́ ọ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Bí kò bá tó, ẹ padà sí kòtò tí wọ́n fi hàn yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú òkè kúrò nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀.

Ìdánwò méjì tó. Ẹ bu ilẹ̀ náà dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ da omi kún un, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín pọ̀ dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ gidi á wà lókè pátápátá. Bí amọ̀ gidi bá jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀, ó dára. Ìdánwò kejì: ẹ po díẹ̀ kó le, ẹ yí i láàrin àtẹ́lẹwọ́ kó nípọn tó àtàǹpàkò, kí ẹ wá máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò ní etí tábìlì. Bó bá ṣẹ́ kó tó gùn ní ìǹṣì méjì, iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá kọjá ìǹṣì mẹ́fà kó tó ṣẹ́, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, yóò là bó bá gbẹ. Ẹ bu iyanrìn kún un.

Ẹ jẹ́ kí amọ̀ tí ẹ pò wà nínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Fún rírẹ́, ẹ da koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i, tàbí ìhá ẹyìn tó ti gbẹ dáadáa.

7. Àtúnṣe gan-an: láti òrùlé wá sílẹ̀

Àkókò rẹ̀ ni lẹ́yìn ìkórè ńlá, láti bí oṣù kejìlá dé oṣù kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí ẹ bá rẹ́ ògiri kí ẹ tó tún òrùlé ṣe, iṣẹ́ òfo lẹ ṣe.

Ní ti páànù: ẹ kan ìṣó sí ibi tó yọ sókè lára rẹ̀, kì í ṣe ibi tó jìn sísàlẹ̀ tí omi ń gbà, kí ẹ sì fi rọ́bà sábẹ́ orí ìṣó. Níbi tí òpin páànù kan ti gun èkejì, ó kéré tán kí ó jẹ́ ìǹṣì mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, bó tilẹ̀ gba páànù kan sí i. Owó páànù yẹn kéré sí owó ògiri. Bí ẹ bá rí àjà amọ̀ lórí yàrá, ìyẹn igi tí wọ́n tò tí wọ́n fi amọ̀ lé, ẹ má ṣe wó o. Nígbà tí ewé wà lókè, òun ló ń gba ẹrù inú yàrá lọ́wọ́ iná. Lábẹ́ páànù, òun ló ń dí ooru. Ẹ kàn wo igi abẹ́ rẹ̀ bóyá ikán kò tíì jẹ ẹ́. Igi tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ wá ìrókò, torí ikán kì í tètè rí i gbéṣe. Àwọn káfíńtà kan ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ àlòkù pa igi. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ nítòsí kànga.

Àtẹ́rígbà ló kàn. Ẹ fi igi ti òkè ẹnu ọ̀nà ró kí ẹ tó yọ èyí tó jẹrà. Tuntun náà gbọ́dọ̀ wọnú ògiri tó ìǹṣì mẹ́sàn-án ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Fún ibi tó là, ẹ má fi amọ̀ dí ojú rẹ̀ lásán. Ẹ gbẹ́ ẹ fẹ̀, ẹ gbá eruku inú rẹ̀ kúrò, ẹ wọ́n omi sí i. Bó bá jẹ́ igun ilé ló là, ẹ gé àyè wọnú ògiri méjèèjì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ gbígbẹ tí ẹ ti yọ tẹ́lẹ̀ dè wọ́n pọ̀, amọ̀ tútù ni kí ẹ fi mú un. Búlọ́ọ̀kù gbígbẹ ni mo wí, nítorí pé amọ̀ tútù tó pọ̀ nínú ihò ńlá yóò súnkì, yóò sì tún là.

Ìdí ògiri tó ti jẹ ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Ẹ má ṣe gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fò ibi tó tẹ̀ lé e kọjá kí ẹ tó gbẹ́ òmíràn. Ẹ kó ohun tó ti rin jáde, ẹ to òkúta sí ìsàlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, ẹ fi amọ̀ mú un, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù amọ̀ lé e títí yóò fi kan ògiri àtijọ́, ẹ sì kì amọ̀ náà kó le dáadáa. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ lẹ ó padà sí ibi tí ẹ fò. Ẹ la gọ́tà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kó gbé omi jìnnà sí ilé. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ti wúlò. Bí pèpéle kòkó bá sì ń da omi sọ́dọ̀ ilé, ẹ mọ etí sí i, kí omi rẹ̀ gba ibòmíràn.

8. Rírẹ́ ilé, àti ẹjọ́ mi pẹ̀lú sìmẹ́ńtì

Bíríkìlà tí ẹ bá pè yóò sọ pé kí ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ògiri kí òun fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Yóò dùn ún wò fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ń wú díẹ̀ bó bá rin, ó ń súnkì bó bá gbẹ; sìmẹ́ńtì kò bá a ṣe é. Yóò là tẹ́ẹ́rẹ́, omi yóò gbabẹ̀ wọlé, èyí tó ń ti ilẹ̀ gòkè kò sì ní ríbi jáde. Ògiri á máa rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì láìsí ẹni tó rí i, títí ọjọ́ tí òun àti sìmẹ́ńtì yóò jọ wó lulẹ̀. Èmi kò ní fi sìmẹ́ńtì kan ògiri amọ̀ tí mo bá fẹ́ kó pẹ́.

Bó bá ti wà lára rẹ̀, ẹ fi ìka kàn án kiri. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, ẹ ṣí i. Ibi tó ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà; bí ẹ bá fi agbára ṣí i, yóò gbé ojú ògiri lọ.

Ẹ fi amọ̀ rẹ́ ẹ dípò rẹ̀: iyanrìn mẹ́ta sí amọ̀ kan, pẹ̀lú koríko tí a gé. Ẹ wọ́n omi sára ògiri, ẹ rẹ́ ẹ bí ìlàjì ìǹṣì, ẹ fi ẹ̀ka igi ha ojú rẹ̀ kí ti ẹ̀ẹ̀kejì lè rí ibi dì mú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó là bó bá fẹ́ là. Ti ẹ̀ẹ̀kejì á fẹ́lẹ́, á sì kúnná. Ìgbẹ́ màlúù tí a pò mọ́ amọ̀ kíkúnná ni ọ̀pọ̀ ìyá wa fi ń pa ilé. Ó ṣì dára fún ilẹ̀ àti ògiri inú, òórùn rẹ̀ kì í sì í kọjá ọjọ́ tó bá gbẹ. Àwọn Hausa ní omi èèpo igbá, ti igi tó ń so irú, tí wọ́n ń pè ní makuba, tí wọ́n ń da sí rírẹ́ kó má tètè rin. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ìhà ọ̀dàn lè rí èèpo yẹn kó lọ́fẹ̀ẹ́.

Àyè tó wà láàrin orí ògiri àti òrùlé, ẹ má dí i. Afẹ́fẹ́ tó ń gbabẹ̀ ló ń gbẹ ògiri láti inú. Bí ẹ̀fọn bá ń dààmú yín, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bò ó.

9. Ìtọ́jú ọdọọdún

Nígbà tí òjò bá ń parí ní oṣù kẹwàá, ẹ yí ilé po. Ẹ fọ́ ojú ọ̀nà ikán gbogbo, kí ẹ tọpa rẹ̀ dé ibi tí ilé wọn wà, torí pé bí ẹ kò bá gbẹ́ ìyá ikán jáde, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á tún padà gòkè. Ẹ kó ewé inú gọ́tà. Ẹ fi amọ̀ dí ibi tí òjò ti jẹ lára ògiri nígbà tó ṣì kéré.

Níbi tó là, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí òpin rẹ̀ gan-an, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá dúró síbẹ̀ títí di ọdún kejì, ẹ dí i, ó ti parí. Bó bá ti kọjá ìlà yẹn, ẹ wá bíríkìlà tó mọ amọ̀ í mọ, kì í ṣe ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù nìkan.